Ìfìdájọ́lọni ní Kóòtù Amẹ́ríkà: Ìtàn Ìlànà 68 àti Ẹrù Tí Ó Gbé Lé Olùpẹjọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìdájọ́ lè parí ẹjọ́ kí ó má parí ìjà. Kóòtù fúnra rẹ̀ mọ èyí, ó sì ní àwọn ìlànà tí ó fi ń rọ àwọn tí ń bára wọn ṣẹjọ́ láti parí ọ̀rọ̀ kí adájọ́ tó sọ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́ yìí dá lé, èyí tí a ó máa pè ní ìfìdájọ́lọni. Nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, olùjẹ́jọ́ yóò kọ̀wé sí olùpẹjọ́ pé òun fara mọ́ ọn kí kóòtù dá iye owó kan pàtó fún un. Bí olùpẹjọ́ bá gbà, ìdájọ́ wọ ìwé kóòtù, ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá kọ̀, tí ohun tí kóòtù dá fún un níkẹyìn kò sì ju ohun tí ó kọ̀ lọ, òun ni yóò ru ìnáwó ẹjọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi lọ̀ ọ́. A ó tọpa ìtàn ìlànà yìí ní Amẹ́ríkà, a ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú òfin mìíràn ni ó sọ ọ́ di ẹrù wúwo.

Orírun Ìlànà Náà

Ní ọdún 1848, ìpínlẹ̀ New York gba òfin tuntun lórí ìlànà ìgbẹ́jọ́. David Dudley Field ni ó ṣíwájú àwọn tí ó kọ ọ́. Ìfìdájọ́lọni wà nínú òfin náà, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé e. Nínú iṣẹ́ tí Robert Bone, onímọ̀ òfin, gbé jáde ní 2008, ó ṣàlàyé pé kì í ṣe dídín ẹjọ́ kù ni ó jẹ àwọn tí ó dá a sílẹ̀ lógún jù. Ohun tí wọ́n fẹ́ dènà ni kí olùpẹjọ́ máa di ìnáwó ru ẹni tí ó ti gbà láti san ohun tí ó tọ́.

Nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà gbé ìlànà ìgbẹ́jọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 1938, ìfìdájọ́lọni di Ìlànà 68 nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ nìkan ni ó lè lò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn agbẹjọ́rò kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, nítorí pé ní Amẹ́ríkà, oníkálùkù ni í san owó agbẹjọ́rò tirẹ̀, yálà ó jàre tàbí ó jẹ̀bi. Ìnáwó ẹjọ́ tí ìlànà náà ń sọ kò kọjá owó ìwé kóòtù, owó ẹlẹ́rìí àti irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yí Nǹkan Padà

Ní 1976, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé nínú ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kóòtù lè ní kí ẹni tí ó jẹ̀bi san owó agbẹjọ́rò ẹni tí ó jàre, gẹ́gẹ́ bí ara ìnáwó ẹjọ́. Nítorí kí tálákà lè rí agbẹjọ́rò gbà ni wọ́n ṣe ṣe é. Kò pẹ́ tí gbólóhùn náà fi pàdé Ìlànà 68.

Ẹjọ́ Delta Air Lines v. August ni ó kọ́kọ́ dé, ní 1981. Obìnrin òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú kan ní wọ́n lé òun lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹ̀yà òun. Ilé-iṣẹ́ náà fi dọ́là 450 lọ̀ ọ́. Ó kọ̀, ó sì pàdánù ẹjọ́ náà pátápátá. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pinnu pé Ìlànà 68 kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: olùpẹjọ́ tí ó jàre, ṣùgbọ́n tí ohun tí ó gbà kò tó ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, nìkan ni ó ń mú. Ẹni tí ó jàre díẹ̀ wá wà nínú ewu tí ìlànà yìí kò fi kan ẹni tí ó pàdánù.

Marek v. Chesny, 1985, ni ó fi ìwúwo ewu náà hàn. Ní ìlú Berwyn, ìpínlẹ̀ Illinois, àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta lọ sí ibi tí wọ́n pè wọ́n sí nítorí ìjà inú ilé, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin kan. Bàbá olóògbé pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn ọlọ́pàá fi dọ́là 100,000 lọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìnáwó àti owó agbẹjọ́rò títí di ọjọ́ náà nínú rẹ̀. Bàbá kọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ parí, àwọn jùrí dá a láre, wọ́n sì dá dọ́là 60,000 fún un. Ìnáwó tí ó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi owó lọ̀ ọ́ jẹ́ 32,000. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 92,000, kò tó 100,000. Ìnáwó tí ó tẹ̀lé e, tí ó jẹ́ nǹkan bí dọ́là 139,692, ni ó ní kí kóòtù gbà fún òun. Adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé kò lè rí i gbà: níwọ̀n bí òfin 1976 ti pe owó agbẹjọ́rò ní ara ìnáwó ẹjọ́, Ìlànà 68 gbé e mì. Òfin tí wọ́n ṣe láti gbe olùpẹjọ́ ni ó wá ká a lọ́wọ́ kò.

Adájọ́ Brennan, tí ó kọ èrò àwọn mẹ́ta yòókù, kìlọ̀ pé olùjẹ́jọ́ lè tètè fi owó lọni kí olùpẹjọ́ tó mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lágbára tó. Ó tún fi hàn pé àwọn òfin mìíràn tí kò ní gbólóhùn kan náà nínú yóò bọ́ lọ́wọ́ ìdájọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí kan náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n.

Lẹ́yìn Náà

Ní 1983 àti 1984, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìlànà náà dábàá àtúnṣe tí yóò jẹ́ kí olùpẹjọ́ náà lè fi ìdájọ́ lọni. Àtakò pọ̀, àbá náà kò sì wọlé. Ní 2009, ọjọ́ 10 tí olùpẹjọ́ ní láti fi ronú di 14. Ní 2016, nínú Campbell-Ewald v. Gomez, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ohun tí wọ́n fi lọ olùpẹjọ́, tí kò sì gbà, kò lè pa ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà: láti 1999 ni ìlànà wọn ti fún olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ láǹfààní láti fi lọ ara wọn.

Ìkádìí

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí kóòtù fẹ́ kí ìjà parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà ilé bá ń parí ìjà, tọ̀tún tòsì ni ó ń bá wí. Ìlànà 68 kò ṣe bẹ́ẹ̀: olùjẹ́jọ́ ni ó ń fi lọni, olùpẹjọ́ nìkan ni kíkọ̀ ń ná lówó. Bàbá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ jàre, síbẹ̀ ìnáwó tí kò rí gbà ju ìlọ́po méjì owó tí wọ́n dá fún un lọ. Olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní ìtàn òfin kò gbọdọ̀ dúró sórí ẹni tí ó jàre. Kí ó béèrè ẹni tí ó sanwó ìjàre náà pẹ̀lú.