Egungun Ihò Eléérú àti ti Itaakpa

Inú ìwé àwọn awalẹ̀wádìí ni ìtàn egungun àwọn ará àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá fọ́n sí, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà ló sì ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Kàbà. Bí a kò bá tò ó dáadáa, ó rọrùn láti da Ihò Eléérú pọ̀ mọ́ Itaakpa.

Ihò Eléérú wà nítòsí Ìsàrùn, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn ìwé mìíràn pè é ní Ìwó Eléérú. Ibì kan náà ni, kò tó ìjà. Ní 1965 ni Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn kó ikọ̀ rẹ̀ lọ walẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rí irinṣẹ́ olókùúta rẹpẹtẹ, nísàlẹ̀ ni wọ́n sì ti bá egungun ẹnì kan. Àyẹ̀wò kábọ̀nù tí wọ́n ṣe fún èédú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó tó nǹkan bí 11,200 ọdún; ìṣirò òde òní gbé e súnmọ́ 13,000. Ìgbà tó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà ni ìkòkò tó bẹ̀rẹ̀ sí hàn níbẹ̀.

Agbárí ẹni náà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní 1971, Brothwell àti Shaw kà á mọ́ àwọn baba ńlá ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 2011, Katerina Harvati àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wọ̀n, wọ́n ní ó gùn, ó sì rẹlẹ̀ lókè, bí orí àwọn tó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ṣé ọjọ́ orí rẹ̀ ni a ṣì kà ni? Rárá. Wọ́n yẹ egungun náà fúnra rẹ̀ wò nípa yùréníọ́mù, ó bọ́ sí àárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ ti jẹ́rìí síra, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí n kò gbà ni kí a fi orí ẹnì kan ṣoṣo ṣèdájọ́ gbogbo ènìyàn ìgbà náà.

Ti Itaakpa yàtọ̀. Ìffẹ̀-Ìjùmú ló wà, lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kwara ṣì ni wá, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, ni Philip Oyelaran walẹ̀ lábẹ́ àpáta ibẹ̀, ó sì rí egungun ènìyàn, irinṣẹ́ olókùúta, àpáàdì àti èkùrọ́. Nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n fi í sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní egungun ẹlẹ́gbàárùn-ún ọdún wà ní Ìjùmú, ohun ìní Ìsàrùn ló ń kà fún wa. Bẹ́ẹ̀ 2,300 ọdún kì í ṣe kékeré: àwọn kan ti ń jẹ ẹyìn ní Ìjùmú kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ ọba Yorùbá kankan sílẹ̀.

Ní 2023, ìwádìí tuntun jáde lórí Ihò Eléérú, pẹ̀lú egungun ẹran tí wọ́n rí níbẹ̀: igbó ló yí i ká ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn fi gbé ibẹ̀. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé Itaakpa.