Ọmú, Nǹkan Oṣù àti Òfin Àwọn Ìyá Wa

Nínú ìwé ìtàn tí à ń kà ní kíláàsì wa, Ogun Kírìjì wà níbẹ̀, àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 wà níbẹ̀, orúkọ àwọn gómìnà òyìnbó sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ohun tí n kò rí níbẹ̀ ni bí obìnrin tí ó bímọ ní àsìkò ogun náà ṣe ń ṣe é tí kò fi lóyún mìíràn kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó lè rìn dáadáa, nígbà tí kò sí abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, tí kò sì sí oògùn oníhóró. Lójú tèmi, ìtàn gidi ni èyí. Ó ní òfin tirẹ̀, ó ní ìgbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó, ìyá àti ọmọ tí ó bá a lọ kò sì kéré.

Òfin náà kò ṣòro láti sọ. Abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú kò gbọdọ̀ bá ọkọ rẹ̀ sùn. Ó ń tó ọdún méjì, ní ọ̀pọ̀ ilé ó ń tó ọdún mẹ́ta. Ìdí tí àwọn àgbà ń sọ ni pé àtọ̀ ọkùnrin a máa ba omi ọmú jẹ́, ọmọ yóò sì máa ṣàìsàn. Ìmọ̀ ìṣègùn kò fara mọ́ ìdí yìí, nítorí àtọ̀ kò ní ọ̀nà tí ó lè gbà dé inú ọmú. Síbẹ̀ òfin náà ṣiṣẹ́. Agbo ilé ńlá ni wọ́n ń gbé. Abiyamọ lè máa sùn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, tàbí kí ó padà sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ojú a sì máa ti ẹni tí ó bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú, nítorí gbogbo ilé ni yóò mọ̀ pé òun àti ọkọ rẹ̀ kò lè kó ara wọn níjàánu. Ọkọ tí ó ní ìyàwó méjì mìíràn kò jìyà púpọ̀ nínú òfin yìí. N kò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi ìyàwó léèrè bí ó ṣe rí lára tirẹ̀.

Mo bi màmá àgbà, ìyá tí ó bí ìyá mi, bóyá nǹkan oṣù ni àwọn ń dúró dè kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ ọkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ní ń dúró de ìyẹn? Ọmọ là ń wò. Bí a bá rán an sí ilé kejì, tí ó jíṣẹ́, tí ó sì padà wá, ó ti tó já lẹ́nu ọmú nìyẹn. Nǹkan oṣù lè má wá rárá kí oyún tó dé." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó mú mi kọ àròkọ yìí.

Bí ọmọ bá ń fa ọmú, fífà náà a máa ránṣẹ́ sí ọpọlọ ìyá, ọpọlọ yóò sì dín iṣẹ́ tí ó ń rán sí ilé ẹyin kù. Ẹyin kò ní gbó, nǹkan oṣù kò sì ní wá. Bí ọmọ bá ṣe ń mu ún léraléra sí i, lọ́sàn-án àti lóru, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí obìnrin tí kò fún ọmọ lọ́mú rárá fi lè rí nǹkan oṣù kí oṣù mẹ́ta tó pé, tí ẹlòmíràn yóò sì lo ju ọdún kan lọ. (Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ kì í ṣe nǹkan oṣù, ilé ọmọ ni ó ń fọ ara rẹ̀ mọ́.) Ibi tí ọgbọ́n màmá àgbà wà ni pé ẹyin lè kọ́kọ́ jáde, bí kò bá di oyún ni nǹkan oṣù ń tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin lè lóyún láti ara ẹyin àkọ́kọ́ yẹn láìrí ẹ̀jẹ̀ kankan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, àwọn onímọ̀ péjọ sí Bellagio ní ilẹ̀ Ítálì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fẹnu kò pé fífún ọmọ lọ́mú lè dènà oyún tó ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà, kí nǹkan oṣù má tíì padà, kí ó sì jẹ́ pé ọmú ni gbogbo oúnjẹ ọmọ tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, kí ìyá má gbójú lé e mọ́.

Òfin àtijọ́ kò wó lọ́jọ́ kan. Ní àwọn ọdún 1970, John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat, tí wọ́n wá láti Australia, wádìí rẹ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1977. I. O. Orúbulóyè náà kọ ìwé lórí àwọn obìnrin ìgbèríko Yorùbá ní 1981. Ohun tí ó hàn ni pé obìnrin tí ó kàwé, tí ó ń gbé ìgboro, kì í yẹra fún ọkọ pẹ́ tó ẹni tí kò kàwé. Kò yà mí lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ìyàwó kan, yàrá tí wọ́n háyà kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀rù sì ń ba ìyàwó pé ọkọ yóò wá ẹlòmíràn síta. Iṣẹ́ oṣù kò jẹ́ kí ìyá jókòó ti ọmọ, mílíìkì inú agolo sì ti dé.

Ohun tí òfin yẹn ń dènà ní orúkọ. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, dókítà Cicely Williams rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn sì pọ́n. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Gã ń pe àìsàn náà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn: kwashiorkor, àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ́ àgbàdo lásán ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mo ti gbọ́ orúkọ yìí nínú ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni.

Ohun tí ó ká mi lára ni pé a ju ìdajì òfin nù, a sì di ìdajì mú. Àwọn ìyá ti padà sọ́dọ̀ ọkọ láìpẹ́, wọ́n sì gbà pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá ń fọ́mọ lọ́mú, tí nǹkan oṣù kò tíì dé, oyún kò lè dé. Obìnrin kan ní àdúgbò wa rò pé ibà ni ó ń ṣe òun nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní oṣù kẹwàá. Oyún oṣù mẹ́ta ni, kò sì rí nǹkan oṣù kankan láti ìgbà tí ó ti bímọ. Ọmú nìkan kọ́ sì ni ọmọ náà ń mu: omi wà, àgbo wà, ògì wà. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ìlera ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni ó ń mu ọmú nìkan. Ní 2008, 13 ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gba ìyá nímọ̀ràn pé kí ó jẹ́ kí oṣù 24, ó kéré tán, kọjá lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún lóyún. Ọdún méjì nìyẹn, iye kan náà tí òfin àtijọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn kan, bí abiyamọ bá wá fún ìfètòsọ́mọbíbí, wọ́n a ní kí ó padà sílé títí yóò fi rí nǹkan oṣù, kí ó lè dá wọn lójú pé kò lóyún. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè mẹ́fà wà tí nọ́ọ̀sì lè bi í láti mọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni àwọn ohun mẹ́ta tí wọ́n fẹnu kò sí ní Bellagio. Ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé fún lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ju oṣù mẹ́fà lọ, tí kò sì dá nọ́ọ̀sì lójú, ìtọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.