Ìwé Orúkọ Àwọn Ọmọ-Ogun Gọ́lóbà

Bí a bá gbọ́ ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀, pé a ń pe ọkùnrin kan ní Músá Kánò tàbí Gàrúbà Sókótó, kì í yà wá lẹ́nu: ìlú rẹ̀ ni a so mọ́ orúkọ rẹ̀. Òwò obì àti ti màlúù ni ó mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará Sábó dé ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kún inú ìwé mìíràn pẹ̀lú, èyíinì ni ìwé àwọn ọmọ-ogun tí a ń pè ní Hausa.

Ní ọdún 1857 ni ọkọ̀ Dayspring fọ́ sórí àpáta nínú Odò Ọya, lẹ́bàá Jẹ́bà. Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gọ́lóbà, wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí ó gba orí ilẹ̀ bọ̀ wá sí Èkó, àwọn Hausa tí ó jẹ́ ẹrú sá tẹ̀lé e. Òyìnbó gba Èkó ní 1861. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a fi irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣe ọlọ́pàá oníbọn. Wọ́n bá Ẹ̀gbá jà ní Ìkòròdú ní 1865, wọ́n bá Glover lọ sí ogun Àṣáńtì ní 1873, wọ́n sì wà nínú ogun Ìjẹ̀bú ní 1892.

Ogun wọ̀nyí kọ́ ni ó jẹ wá lógún jù. Ẹ wo ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé náà: orúkọ, àti ìlú. Ọkùnrin tí ó dúró níwájú akọ̀wé lè ti jẹ́ orúkọ mìíràn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àti òmíràn lọ́dọ̀ ẹni tí ó rà á. Ní ọjọ́ náà ni ó fi méjèèjì sílẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kò dẹ́kun láti fi ẹjọ́ sùn pé Èkó ń gba ẹrú àwọn; ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí a sì ti gbé ìbọn lé lọ́wọ́, ó ṣòro fún olówó rẹ̀ láti mú un padà. (Ẹni náà gan-an ni a sì ń rán lọ jagun nínú ìlú ẹlòmíràn, kí a má gbàgbé èyí.)

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà “Hausa” tàn yín jẹ. Tápà wà nínú wọn, ará Bọ̀rọ̀nú wà, Yorùbá pàápàá wà.

Àwọn lẹ́tà gómìnà Èkó ti ìgbà náà wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ àmì CO 147. Ẹni tí yóò kà wọ́n, kí ó wá ẹ̀sùn àwọn olówó ẹrú kàn níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìwé orúkọ sọ ìlú tí ọkùnrin náà pè ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ilé tí ó ti sá jáde.