Báwo Ni Táyà Yìnyín Ṣe Dé Ṣúpárè?

Yìnyín tí àwa mọ̀ ní Àkókó kò ju èyí tó máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ já lọ. Àwọn ọmọdé á sáré ṣà á sẹ́nu, kó tó pẹ́, ó ti yọ́ tán. Síbẹ̀, bí ẹ bá yẹ ẹ̀gbẹ́ àwọn táyà tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tà láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà wò, kì í ṣe ohun ìyanu bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ya òkè onígóńgó mẹ́ta sí lára, tí èérún yìnyín wà nínú rẹ̀. Táyà yìnyín nìyẹn. Kí ló wá dé Ṣúpárè? Ìtàn ló lè dáhùn.

Ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko kan ní ìlú Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tó ń gba afẹ́fẹ́ sínú, èyí tó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Táyà náà gbayé kan, ṣùgbọ́n òtútù borí rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti tutù kọjá nǹkan bí dígírì 7 ní ìwọ̀n Celsius, rọ́bà táyà lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Àwọn ará Finland, tí yìnyín ń bo ọ̀nà wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ló wá nǹkan ṣe sí i. Ní 1934, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Nokian lónìí gbé táyà yìnyín àkọ́kọ́ jáde fún ọkọ̀ akẹ́rù.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé rọ́bà rẹ̀ rọ̀, kòtò ojú rẹ̀ jìn, wọ́n sì gé ojú náà wẹ́wẹ́ kí ó lè di yìnyín mú. Ní Québec ní Kánádà, òfin ni kí mọ́tò lò ó láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Jámánì náà kò gbà kí ènìyàn wakọ̀ lórí yìnyín láìlò ó. Ní Austria, bí kòtò ojú rẹ̀ kò bá tó mìlímítà 4, òfin kò kà á sí táyà yìnyín mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì lè jọ táyà gidi lójú tiwa.

Ó ní ìgbà tí a kì í wá àlòkù ẹnikẹ́ni. Michelin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà ní Port Harcourt ní 1962, Dunlop sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1963. Igi rọ́bà kò jìnnà sí wọn; gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí náà ní oko rọ́bà. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò dúró, owó iṣẹ́ ń ga, ìjọba sì dín owó orí táyà òkèèrè kù. Michelin kógbá wọlé ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró ní 2008. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò gba táyà àlòkù ti mọ́tò kéékèèké wọlé, àmọ́ ọjà kún fún un, nítorí pé táyà tuntun ju agbára ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ.

Ibi tó ti kàn wá gan-an nìyí. Rọ́bà tí wọ́n ṣe láti rọ̀ nínú òtútù máa ń rọ̀ kọjá ààlà nínú oòrùn wa. Ó ń yára jẹ, kì í jẹ́ kí mọ́tò tètè dúró lórí ọ̀dà gbígbóná, ọkọ̀ sì lè máa mì bó bá ń yà ní kọ́nà. Ọ̀nà tiwa sì nìyí: òkè níwájú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn. A kò tíì gbàgbé ọkọ̀ akẹ́rù tó já lọ́wọ́ awakọ̀ ní Akùngbá ní oṣù Kìíní ọdún 2021, tó gba ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bíréèkì ni wọ́n dárúkọ nígbà náà, kì í ṣe táyà. Ṣùgbọ́n bíréèkì tó dára jù lọ, táyà ló fi ń di ilẹ̀ mú, ibi tí táyà mọ́tò kékeré sì ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Nítorí náà, kí a tó sanwó, ká wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni àwòrán òkè àti yìnyín: bó bá wà níbẹ̀, ká fi í sílẹ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jìn bíi kànga. Èkejì ni nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì ó dín méjì, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 35, ọdún 2019. Rọ́bà tó ti gbó máa ń sán, kódà bí wọn kò lò ó rí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ẹ wà ní Kánádà àti Jámánì, táyà yìnyín yẹ yín níbẹ̀, ẹ má fi ṣeré. Àmọ́ bí ẹ bá ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.