Ìrìnàjò Àbọ̀ Sílé Nínú Ilé Alágbèéká Lásìkò Èéfín Iná Igbó

Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìgbà kan wà nínú ọdún tí ọ̀nà àbọ̀ máa ń le ju ọ̀nà àlọ lọ. Láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹwàá ni iná igbó máa ń ràn níbẹ̀, tí èéfín rẹ̀ a sì bo ìlú àti òpópónà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú ìsinmi, tí ìdílé púpọ̀ ń kó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bí ilé, tí wọ́n ń lọ wo òkè, adágún omi àti igbó ọba.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Calgary, Edmonton àti àwọn ìlú California ṣe ibùgbé kò kéré níye, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá tó ń ti ilé lọ bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Ẹni tó mọ ọyẹ́ dáadáa lè rò pé irú kan náà ni èéfín yìí. Kì í ṣe irú kan náà. Eruku aṣálẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbé wá bá wa. Igi, koríko, àti nígbà mìíràn ilé àti ọkọ̀ tó jóná, ni ó ń di èéfín iná igbó.

Kókó kan ni ó yẹ kí ẹni tó bá ń ti ìsinmi bọ̀ fi sọ́kàn: ilé alágbèéká kì í ṣe ibi ààbò kúrò lọ́wọ́ èéfín. Àǹfààní tó ní ni pé ó lè rìn. Ẹni tó bá tètè lo àǹfààní yìí yóò délé ní àlàáfíà. Ẹni tó bá ti fèrèsé pa tó jókòó sínú rẹ̀, tó ń retí pé kí èéfín kọjá lọ, ewu ló ń bá ṣeré.

Irú ọkọ̀ tí à ń sọ

Ilé alágbèéká, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV, ní ibùsùn, ibi ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì tiwọn. Àwọn mìíràn, ọkọ̀ mìíràn ló ń fà wọ́n. Èyí tó kéré kò ju bọ́ọ̀sì akérò lọ, àwọn ńlá a sì máa gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ó ní táǹkì omi, sílíńdà gáàsì, àti lọ́pọ̀ ìgbà, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀.

Ihò pọ̀ lára ilé yìí ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Ihò afẹ́fẹ́ wà lórí òrùlé, òmíràn wà lẹ́yìn fìríìjì, òmíràn wà níbi tí páìpù gbà wọlé. Àwọn tí ògiri wọn ń yọ síta bí dúrọ́ọ̀ láti fẹ yàrá lójú tún ní àlàfo yí ká etí ibi tó ń yọ náà. Gbogbo ibi wọ̀nyí ni èéfín ń gbà wọlé, kódà bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì.

Ohun tó wà nínú èéfín

Ohun tó burú jù nínú èéfín kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Ẹ̀rún kíkúnná tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5 ni. Ìdínwọ̀n rẹ̀ kò ju máíkrómítà 2.5 lọ, bẹ́ẹ̀ irun orí kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po 30 rẹ̀. Nítorí kíkéré rẹ̀, imú àti ọ̀nà ọ̀fun kò lè dá a dúró. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè rí ojú títa, ọ̀fun gbígbẹ, ikọ́ àti orí fífọ́. Ní ti àwọn ọmọdé, aboyún, àgbàlagbà, àti àwọn tó ní asima tí a ń pè ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, ọ̀rọ̀ náà lè di ti ilé ìwòsàn. Bí èémí bá ń já mọ́ ẹnì kan lẹ́nu, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí ètè rẹ̀ ń yí padà sí àwọ̀ aró, kí wọ́n má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ni 911. Oògùn àfàsímú àwọn onísima gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹni tó ni ín. Kí wọ́n má ṣe dì í sínú ẹrù tó wà lábẹ́ ọkọ̀.

Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ tó dára láti rìn

Ojú nìkan kò tó láti fi wọn èéfín. Ní Amẹ́ríkà, òǹkà kan wà tí wọ́n ń pè ní AQI, tí ìjọba ń gbé sórí AirNow ní íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 0 dé 50 jẹ́ àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ dára. 51 dé 100 jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ó ṣì ṣeé fara dà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. 101 dé 150 jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ó ti léwu fún àwọn tí ara wọn kò le. 151 dé 200 jẹ́ pupa, ó léwu fún gbogbo ènìyàn. 201 dé 300 jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ewu náà ti ga. Ohun tó bá kọjá 300 kúrò ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ṣeré. Òǹkà ti Kánádà yàtọ̀: AQHI ni wọ́n ń pè é, láti orí 1 ni ó ti ń gòkè, ohun tó bá sì ju 10 lọ ni ó burú jù.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, òǹkà AQI ní Portland, ìlú tó tóbi jù ní Oregon, kọjá 500, débi pé afẹ́fẹ́ ìlú náà burú ju ti àwọn ìlú ńláńlá yòókù lágbàáyé lọ láwọn ọjọ́ náà. Èéfín tún máa ń rìn jìnnà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iná tó ń jó ní Québec ní Kánádà ni ó sọ ojú ọ̀run New York di àwọ̀ ọsàn.

Wákàtí tí a bá gbéra náà ní ìtumọ̀. Ní àfonífojì, èéfín sábà máa ń wúwo ní òwúrọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lókè dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Bí oòrùn bá ga, èéfín a gbéra, ṣùgbọ́n ọ̀sán yìí kan náà ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ iná kí ó le sí i. Nítorí náà, àwòrán èéfín àti iná tó wà lórí AirNow ni kí a wò ní alẹ́ àti ní ìdájí, kí a tó pinnu. Bí ọjọ́ tí a dá kò bá bá ti afẹ́fẹ́ mu, ọjọ́ ni kí a yí padà.

Inú ọkọ̀ nígbà ìrìnàjò

Bí a bá ń wakọ̀, kí a ti gbogbo fèrèsé àti ihò òrùlé, kí a sì tẹ bọ́tìnì tó ń mú kí ẹ̀rọ amúlétutù máa yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po dípò kí ó máa fa ti ìta. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ènìyàn mélòó kan ń mí sínú àyè tó sé pa lè mú oorun kun awakọ̀. Bí a bá dé ibi tí èéfín ti fẹ́lẹ́, kí a ṣí i díẹ̀ kí a tó tún un tì.

Bí a bá dúró sùn, fáànù òrùlé tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síta kò dára lásìkò yìí, nítorí bí ó ti ń lé ti inú jáde ni èéfín ń gba àwọn àlàfo wọlé láti dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé sábà máa ń yí afẹ́fẹ́ inú po ni, ṣùgbọ́n asẹ́ fóòmù inú rẹ̀ kò lè mú ẹ̀rún kíkúnná. Ẹ̀rọ tó ní asẹ́ HEPA ló dára jù. Ẹni tí kò bá ní in lè lẹ asẹ́ oníwọ̀n MERV 13 mọ́ ẹ̀yìn fáànù onígun mẹ́rin. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àyè kékeré bíi ti ilé alágbèéká sì bá a mu. Kí a má ṣe dín nǹkan, kí a má ṣe tan àbẹ́là tàbí tùràrí, kí a má bàa fi èéfín tiwa kún ti ìta.

Ohun méjì ló ń pa ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń sá fún èéfín. Èkíní ni ooru. Ilé alágbèéká tí a tì pa nínú oòrùn láìsí ẹ̀rọ amúlétutù lè tètè gbóná ju ohun tí ọmọdé àti àgbàlagbà lè fara dà lọ. Bí kò bá sí iná mànàmáná, kí a wa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Èkejì ni carbon monoxide, gáàsì olóró tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tó ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ àti ààrò onígáàsì. Kí a má ṣe fi ààrò yá yàrá, kí ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì yìí bá wà nínú ilé sì máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà.

Ìbòmú aláṣọ kò wúlò sí èéfín yìí. N95 ni ó ń dá ó kéré tán ìdá 95 nínú 100 ẹ̀rún dúró, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kí ó lẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà bá dí

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n iná lè dí ju ọ̀nà kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, iná Almeda jó láti Ashland gba Talent àti Phoenix kọjá ní gúúsù Oregon, ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Interstate 5 tó so California pọ̀ mọ́ Oregon. Ó jó ilé tó lé ní 2,000. Wọ́n ti òpópónà náà pa. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà, iná mìíràn ń jó nítòsí Chiloquin ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà 97, òmíràn sì ń jó nítòsí Lincoln City ní etí òkun.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Jasper, ní Alberta, tún kọ́ni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2024, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn kúrò nínú ìlú náà àti nínú igbó ọba tó yí i ká. Nǹkan bí 25,000 ènìyàn ni ọ̀rọ̀ kàn, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àlejò tó wà ní ibùdó ìpàgọ́. Iná ti dí ọ̀nà ìlà-oòrùn àti ti gúúsù, ìwọ̀-oòrùn nìkan ni ó ṣí sílẹ̀, sí ìpínlẹ̀ British Columbia. Láti Jasper sí Edmonton kò tó 400 kìlómítà ní ọ̀nà tààrà. Ẹni tó bá gba Prince George àti Grande Prairie yí ká kí ó tó dé Edmonton yóò rin ohun tó ju 1,000 kìlómítà lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà ni iná wọ ìlú, ó sì run nǹkan bí ìdá mẹ́ta àwọn ilé tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí epo má ṣe dín sí ìdajì táǹkì, kí omi mímu àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta wà nínú ọkọ̀, kí máàpù onípépà sì wà pẹ̀lú, nítorí iná máa ń ba òpó fóònù jẹ́. Nọ́ńbà 511 ni wọ́n ń pè ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ láti mọ ọ̀nà tó ṣí. Kí a má ṣe tẹ̀lé ẹ̀rọ atọ́nà wọ ọ̀nà inú igbó lọ́nà ẹ̀bùrú: ọkọ̀ tó gùn tó sì ga kì í rí ibi yí padà, afárá kékeré sì lè má gbà á. Bí èéfín bá ṣú bolẹ̀ lójú títì, kí a dín eré kù, kí a tan iná wálẹ̀, kí a kúrò lórí títì pátápátá bí a kò bá ríran mọ́. Bí wọ́n bá ní kí a máa lọ, kí a gbéra. Ẹrù kò tó ẹ̀mí.

Kí arìnrìnàjò má di ẹni tó dáná

Màjàlà níí ròyìn iná oko fún ará ilé, ṣùgbọ́n kì í sọ ẹni tó ràn án. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2018, táyà ilé alágbèéká kan tí ọkọ̀ ń fà jò ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà 299 nítòsí Redding ní California. Ríìmù rẹ̀ ha ọ̀dà, ìṣáná fò sínú koríko gbígbẹ. Èyí ni iná Carr. Ènìyàn mẹ́jọ ló bá a lọ, ilé tó jó lé ní 1,000, ilẹ̀ tó sì jó lé ní éékà 229,000.

Nítorí náà, kí a yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò ní gbogbo òwúrọ̀. Kí ṣéènì tó so ọkọ̀ méjì pọ̀ má ṣe máa wọ́ nílẹ̀. Kí a má ṣe páàkì sórí koríko gbígbẹ, nítorí páìpù èéfín ọkọ̀ gbóná tó láti ràn án. Bí wọ́n bá ti ka dídáná síta léèwọ̀, kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún wa.

Nígbà tí a bá délé

Kí a fi omi wọ́n màjàlà tó bo ọkọ̀ kí a tó nù ún, nítorí gbígbá a ní gbígbẹ yóò tún dá a padà sínú afẹ́fẹ́. Kí a pààrọ̀ asẹ́ ẹ́ńjìnnì, ti inú ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀. Kí a fọ aṣọ ìbora àti kọ́tìnnì. Kí a sì máa ṣọ́ ọmọ tó bá ń wúkọ́ fún ọjọ́ mélòó kan sí i.

Àwọn baba wa máa ń ṣe é ní àdúrà pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ní ilẹ̀ iná igbó, àwòrán afẹ́fẹ́ àti nọ́ńbà ọ̀nà wà láti sọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fúnni ṣáájú. Iṣẹ́ tí ẹni tó bá pẹ́ ọjọ́ méjì dé yóò bá nílẹ̀ kò ní ju iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ.