Àtìpó tí ó Gba Àtìpó Mọ́ra

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn bí òwò ẹrú ti ṣe dópin ní etí òkun wa, ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn gómìnà ni a sábà máa ń gbọ́ nípa wọn. Iṣẹ́ wọn kò kéré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ń bẹ tí a kì í ròyìn tó bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn tálákà ṣe láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: àwọn ará wa tí a kó kúrò nílé, tí wọ́n di àtìpó ní Sàró, tí wọ́n sì tún di olùgbàlejò fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ní ọdún 1808 ni Sàró di ilẹ̀ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, fún ohun tí ó ju ọdún 50 lọ, ènìyàn tí ó ju 80,000 ni a gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí a sì mú gúnlẹ̀ sí Freetown. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti wá, tó bẹ́ẹ̀ tí èdè tí míṣọ́nárì Koelle kó jọ láti ẹnu wọn sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1854 fi ju 100 lọ. Nígbà tí ogun tú Òwu, Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá, àwọn tiwa di púpọ̀ níbẹ̀. Nítorí kíkí wọn, ẹ kú èyí, ẹ kú èyí-nì, ni a fi ń pè wọ́n ní Akú.

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú kò ní aṣọ, kò ní ìbátan, àìsàn sì sábà máa ń bá a jà. Ìjọba a fún un ní oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, a sì rán an lọ sí abúlé bí Regent, Bathurst, Hastings tàbí Waterloo. Ohun kan wà tí ìjọba kò lè fún un, èyíinì ni ìdánilójú pé ó ti bọ́ ní tòótọ́. Ẹni tí a ti tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí òyìnbó sì rà á kẹ́yìn, báwo ni yóò ṣe gba ọ̀rọ̀ òyìnbó mìíràn gbọ́?

Ẹ wo Àjàyí ará Òṣoògùn, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní ọdún 1864. A kó o lẹ́rú ní 1821; ní ọjọ́ 17 oṣù Júùnù, 1822, ó gúnlẹ̀ sí Sàró, a sì mú un lọ sí Bathurst. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ó ní níbẹ̀ ni àwọn ti bá ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ àwọn pàdé. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n mọ̀ rí nínú wọn, síbẹ̀ àwọn wọ̀nyí fi dá wọn lójú pé wọ́n ti di òmìnira, wọ́n sì gbà á gbọ́ láìpẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ a ránṣẹ́ pè wọ́n sí Freetown láti jẹ́rìí lòdì sí Pọtogí tí ó rà wọ́n. Ẹ̀rù bà wọ́n pé a óò tún fi wọ́n lé e lọ́wọ́, wọ́n sì kọ̀ láti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìpayà náà ti jinlẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ àwọn tí ń tù wọ́n nínú ti tóbi tó.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi Thomas Will, àti John Macaulay lẹ́yìn rẹ̀, ṣe olórí gbogbo Akú. Owó kékeré ni olúkúlùkù ń dá. Nínú rẹ̀ ni a ti ń tọ́jú aláìsàn, tí a sì ń sin òkú. Èésú tí wọ́n gbé ti ilé wá ta gbòǹgbò níbẹ̀, osusu ni àwọn ará Sàró ń pè é títí di òní. Ní ọdún 1839, àwọn Akú oníṣòwò kan ra ọkọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn akóniléru, wọ́n sì fi í gbé àwọn ará wọn padà wá sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tí a fi ń kóni lọ di ọkọ̀ tí ń mú ni bọ̀ wá sílé.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pọ́n ìtàn ju bí ó ti yẹ lọ. A máa ń fi àwọn ọmọ tí a gbà sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ti pẹ́ ní ìlú láti kọ́ iṣẹ́, àwọn mìíràn sì lò wọ́n ní ìlò ẹrú. Ìyà tí ó jẹ ni kì í fi dandan kọ́ ni ní àánú. Nítorí náà, àwọn tí ó ṣàánú ni Sàró, kì í ṣe ìpọ́njú ni ó sọ wọ́n di aláàánú. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n yàn án.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, yíyàn kan náà ń bẹ níwájú wa nígbà tí ọmọ tí ogun lé kúrò ní ìlú rẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí kò gbọ́ èdè wa, tí kò sì mọ ẹnìkan. Àwọn ará Bathurst kò ní ilé ńlá, wọn kò sì mọ̀ bóyá àwọn tìkara wọn yóò tún fojú kan ilé mọ́. Síbẹ̀, wọn kò dúró de ìgbà tí ara yóò tù wọ́n kí wọ́n tó kí àlejò káàbọ̀.