Egbò tó dúdú bí èédú: ìtàn anthrax, àìsàn tí ẹran lè kó ran èèyàn

Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí, torí ó kan ọwọ́ tá a fi ń ṣiṣẹ́.

Anthrax ni wọ́n ń pe àìsàn yìí. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, èédú ló sì túmọ̀ sí. Tó bá wọ ara èèyàn láti ojú ọgbẹ́, ibẹ̀ á yọ bí ibi tí kòkòrò jẹ, á máa yún, á lé ròrò, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á dúdú bí èédú. Kì í sábà dunni, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ kì í fi í tètè kà á sí.

Lọ́dún 1876, Robert Koch, dókítà ará Jámánì, fi hàn pé kòkòrò tíntìntín kan ló ń fà á, àti pé kòkòrò náà lè di hóró tó le koko. Hóró yìí lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì kú. Lọ́dún 1881, Louis Pasteur ará Faransé fún àwọn àgùntàn kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára níṣojú èrò. Nígbà tó fi àìsàn náà sí wọn lára, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ là á já, àwọn tí kò gbà á kú.

Ẹ má rò pé ìtàn òyìnbó lásán ni o. Ní Oṣù Kẹfà 2023, ó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Gánà, ó sì pààyàn. Ìjọba àpapọ̀ kìlọ̀ fún wa nígbà yẹn pé ká ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́. Nígbà tó di Oṣù Keje, wọ́n rí i ní oko ẹran kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger.

Àríwá yẹn náà ni ọ̀pọ̀ màlúù tó ń wọ Oko Ọba ní Agége ti ń bá tírélà wá. Bí ọ̀kan bá kú lọ́nà, owó ńlá ló lọ yẹn, ọkàn olówó á sì máa sọ pé kí wọ́n tètè kun ún. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹran náà bá kan afẹ́fẹ́ gan-an ni kòkòrò yẹn ń di hóró.

Torí náà:
- Ẹran tó bá ṣàdédé kú, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú, lẹ́nu tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má là á, ẹ má bó awọ rẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹran.
- Ẹ máa gba abẹ́rẹ́ anthrax fún ẹran yín lọ́dọọdún nígbà tára wọn ṣì le. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Vom ń ṣe é.
- Bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.
- Kì í ṣe gbogbo ohun tó yọ sára ni anthrax. Làpálàpá náà lè ti ara ẹran ranni. Àmọ́ tí ojú egbò bá ti ń dúdú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sọ pé iṣẹ́ ẹran lẹ̀ ń ṣe. Oògùn wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ téèyàn bá tètè lọ.

Màlúù tó kú, a lè ra òmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó àwọn alápatà àtàwọn tó ń ta pọ̀nmọ́ ládùúgbò yín létí.